Ojúlówó Táàpù Mẹ́ta Sàn Ju Àpótí Ogójì Lọ

Bí bíìtì dírílì bá kán, a ó yọ ọ́, a ó sì fi òmíràn sí i. Bí abẹ ayùn irin bá já, owó abẹ nìkan ni a pàdánù. Ti táàpù kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń kán sí, ní ìsàlẹ̀ ojú irin, níbi tí píláyà kò ti ní rí nǹkan dì mú. Ó sì le débi pé bíìtì dírílì kò ní lè wọ inú rẹ̀. Ńṣe ni bíìtì á máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, tí á sì máa jẹ irin tó yí i ká. Bó bá jẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni à ń tún ṣe, táàpù olówó pọ́ọ́kú ti sọ orí ẹ́ńjìnnì di irin àlòkù nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹni tó ń kó irinṣẹ́ jọ sílé pé kó má ṣe fi iye ohun tó wà nínú àpótí díwọ̀n ohun tó ń rà. Ojúlówó táàpù mẹ́ta tó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu á wúlò fún un ju àpótí tí wọ́n kó ogójì irin dídán sí lọ.

Tírẹ́ẹ̀dì ni eyín tó lọ́ yí ara bóòtù ká, tó sì tún wà nínú nọ́ọ̀tù. Táàpù ló ń gbẹ́ ti inú ihò, dáì ló ń gbẹ́ ti ara ọ̀pá irin. Nǹkan mẹ́ta la fi ń mọ tírẹ́ẹ̀dì kan yàtọ̀ sí òmíràn: bí bóòtù náà ṣe fẹ̀ tó, àlàfo tó wà láti orí eyín kan dé orí eyín tó tẹ̀ lé e, àti bí igun eyín náà ṣe là tó. Bí ẹ bá rí M10×1.5 lára táàpù, M ni àmì tírẹ́ẹ̀dì onímìlímítà, 10 ni fífẹ̀ bóòtù ní mìlímítà, 1.5 ni àlàfo eyín. Igun kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ, nítorí dígírì 60 ni gbogbo ti M.

Kí ọ̀rọ̀ tó rí báyìí, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ń gbẹ́ eyín tó wù ú, nọ́ọ̀tù tí wọ́n ṣe níbí kì í wọ bóòtù tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún 1800 ni Henry Maudslay, ní ìlú London, ṣe ẹ̀rọ léèdì tó lè gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì kan náà léraléra láìyàtọ̀. Joseph Whitworth, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ rí lọ́dọ̀ Maudslay, kó bóòtù jọ láti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ̀n wọ́n, ó wá èyí tó wà láàrin, nígbà tó sì di ọdún 1841, ó dá a lábàá pé kí gbogbo ènìyàn máa lo igun dígírì 55. Ní ọdún 1864, William Sellers ní Philadelphia sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé dígírì 60 ló rọrùn jù láti ṣe. Igun tirẹ̀ náà ni ti M tí gbogbo ayé ń lò lónìí.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Tírẹ́ẹ̀dì páìpù omi tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Whitworth ni títí di òní, dígírì 55. Ẹ mú páìpù onítírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní ìdajì íǹṣì, kí ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n: ẹ ó rí i pé ó fẹ̀ tó mìlímítà 21, bẹ́ẹ̀ ìdajì íǹṣì kò ju mìlímítà 12.7 lọ. Ihò inú páìpù àtijọ́ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Eyín 14 ló wà nínú íǹṣì kan rẹ̀. Ìdajì íǹṣì ti Amẹ́ríkà náà ní eyín 14 nínú íǹṣì kan, ṣùgbọ́n dígírì 60 ni tirẹ̀. Bí a bá fi ọ̀kan wọ èkejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa, ọwọ́ á sì rò pé ó bára mu, kó tó wá há. Lẹ́yìn náà omi á máa jò níbẹ̀, bí ó ti wù kí a fi téépù funfun wé e tó.

Bákan náà ni nínú mọ́tò. Bóòtù táyà ọ̀pọ̀ Toyota, M12×1.5 ni, ti ọ̀pọ̀ Nissan, M12×1.25. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá fi agbára yí nọ́ọ̀tù ọ̀kan sórí èkejì ti ba méjèèjì jẹ́. Bóòtù M10 nínú ẹ́ńjìnnì ará Japan sábà máa ń jẹ́ 1.25, nígbà tí èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù bóòtù lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń jẹ́ 1.5. Nítorí náà, kí owó tó jáde lórí táàpù rárá, kálípà àti géèjì tírẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Géèjì yìí jẹ́ abẹ irin pẹlẹbẹ púpọ̀ tí a so pọ̀ ní ìdí, eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlàfo tirẹ̀. Ẹ ó gbé e lé ara bóòtù, ẹ ó sì gbé méjèèjì sókè sí ojú ọ̀run. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ láàrin rẹ̀ ni ti bóòtù náà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe tó tóbi.

Ó wá ku bí a ṣe ń mọ táàpù tó dára. Àwọn tó ń tà á a máa fi ọ̀rọ̀ nípa irú irin tí wọ́n fi ṣe é bẹ̀rẹ̀, bóyá irin lásán tí wọ́n fi iná mú le, bóyá HSS. HSS ni irin tí Frederick Taylor àti Maunsel White ṣàwárí ìlànà rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bethlehem ní Pennsylvania, tí wọ́n sì gbé lọ fi han aráyé ní Paris lọ́dún 1900. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò tètè rọ̀ bó bá gbóná. Irin lásán tí a mú le á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù líle rẹ̀ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 200. HSS á ṣì lè máa gé irin nígbà tí ooru bá sún mọ́ dígírì 600. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ fi ń yí táàpù nílé, kò sí ooru tó tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí mo ṣì ń sọ pé HSS ni kí ẹ rà?

Ìdí pàtàkì wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe eyín rẹ̀. Irin tí a bá sun nínú iná tí a sì pa iná rẹ̀ nínú òróró a máa lọ́ díẹ̀, a máa súnkì tàbí kó fẹ̀ sí i. Ohun tó lọ́ náà kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n eyín tírẹ́ẹ̀dì kò fẹ́ àléébù kankan. Táàpù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ti gbẹ́ eyín rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e sínú iná, bí ó bá sì ṣe jáde ni wọ́n ṣe ń tà á. Táàpù tó dára, òkúta ìlọ̀ ni wọ́n fi ń lọ eyín rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gba líle, tí lílọ́ rẹ̀ ti parí. Fún ìdí yìí, àlàfo eyín kìn-ín-ní àti ti ìkẹwàá dọ́gba, ẹnu eyín sì mú. Nígbà tí àlàfo kò bá dọ́gba, eyín tó wà lẹ́yìn kì í tọ ipa tí ti iwájú ti là. Á máa fẹ̀gbẹ́ ha irin, yíyí rẹ̀ á máa le sí i, títí táàpù á fi kán lójijì tí ọwọ́ kò sì ní rí àmì kankan. Táàpù HSS tó wà lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n lọ̀ lẹ́yìn iná. Ìyẹn gan-an ni à ń sanwó fún.

Ẹ gbé táàpù sábẹ́ oòrùn kí ẹ wo ibi tí eyín ti pàdé kòtò gígùn tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu tó ń gé irin. Bó bá dára, ojú eyín á dán bíi dígí láti òkè dé ìdí, etí rẹ̀ á hàn gedegbe, kò sì ní sí irin wínníwínní kankan tó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rọra fi èékánná àtàǹpàkò fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yẹn: táàpù tó mú á bó èékánná díẹ̀, èyí tó kú á kàn yọ̀ kọjá. Ẹ wo orí onígun mẹ́rin tí a fi ń dì í mú, bóyá ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba. Ẹ yí i gbirigbiri lórí dígí pẹlẹbẹ. Bó bá ń jó, ó ti wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà, kó sì pé: ìwọ̀n àti àlàfo, irú irin, àti òǹkà bíi 6H tó ń sọ pé ihò tó bá gbẹ́ á gba bóòtù tí gbogbo ayé ń lò.

Ẹnikẹ́ni lè kọ HSS sára ohun tí kì í ṣe HSS. Ìdánwò kan wà tí ayédèrú kì í lè yege. Ẹ ní kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀ fi òpin orí onígun mẹ́rin yẹn kan òkúta fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì wo iná tó ń ta. Bó bá jẹ́ irin lásán tí a mú le, iná funfun-sí-pupa-rẹ́súrẹ́sú á fò jáde púpọ̀, á sì máa tú ká bí ìràwọ̀. Bó bá jẹ́ HSS, iná rẹ̀ kì í pọ̀, pupa ṣíṣókùnkùn ni, kì í sì í tú ká. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì wọ́n mú mọ́. Fún ẹni tó bá mọ ìdánwò yìí, ó lè rí táàpù tòkunbọ̀ láàrin irin àlòkù tí yóò sàn ju tuntun inú àpótí lọ, pàápàá bí orúkọ bíi Dormer, OSG, Yamawa tàbí Völkel bá wà lára rẹ̀ tí etí eyín rẹ̀ kò sì tíì kú.

Nípa àpótí ogójì yẹn, èrò mi ni pé ìdajì nínú rẹ̀ ni ẹni tó rà á kò ní fọwọ́ kàn láéláé, ìdajì tó kù kò sì dára tó iṣẹ́ tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mi ò sọ pé kò wúlò rárá. Bóòtù tó dípẹtà, tí eyín rẹ̀ ṣì wà ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí kún un, dáì olówó pọ́ọ́kú lè fọ̀ ọ́ mọ́. Láti gbẹ́ eyín tuntun sínú irin tó nípọn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́.

Táàpù ọwọ́ sábà máa ń wá ní mẹ́ta-mẹ́ta fún ìwọ̀n kan. Nínú irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀ bákan náà, ẹnu ni wọ́n fi yàtọ̀: ti àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí eyín tó tó méje sí mẹ́wàá kó lè rọrùn láti wọlé, ti ìkejì kò tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ti ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ́ẹ́rẹ́ rárá, kó lè gbẹ́ eyín dé ìdí ihò tí kò yọ sí òdìkejì. Irú ti Jámánì tún ní ọgbọ́n mìíràn. Èyí tí a fa ìlà kan yí ká ọrùn rẹ̀ kéré díẹ̀, ó kàn ń là ọ̀nà. Èyí tó ní ìlà méjì á mú un fẹ̀ sí i. Èyí tí kò ní ìlà ni á parí rẹ̀. Ó rọrùn fún ọwọ́, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, tó sì bọ́ sí orí onílà kan, á gbẹ́ ihò tí bóòtù kankan kò ní wọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Bí ihò bá yọ sí òdìkejì, irú kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ìdagun, kó lè máa ti èérún irin síwájú dípò kó há sínú kòtò ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún, síbẹ̀ ó máa ń lọ geere lọ́wọ́ ènìyàn, kì í sì í béèrè pé ká máa dá a padà ní gbogbo ìgbà. Èyí tí kòtò rẹ̀ lọ́ bí okùn, tó ń fa èérún sókè, ihò tó dí nídìí ló wà fún.

Ọ̀pọ̀ táàpù tó kán, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ihò ló kéré jù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ yọ àlàfo eyín kúrò nínú fífẹ̀ bóòtù. M10×1.5 ń fẹ́ ihò 8.5. M6×1 ń fẹ́ 5. M8×1.25 ń fẹ́ 6.8, M12×1.75 ń fẹ́ 10.2, M5×0.8 ń fẹ́ 4.2. Ẹ wò ó pé 6.8, 10.2 àti 4.2 kì í sí nínú àpótí bíìtì tó ń fi ìdajì mìlímítà gòkè, nítorí náà ẹni tó ra táàpù M8 láìra bíìtì 6.8 pọ̀ mọ́ ọn kò tíì parí ìrajà rẹ̀. Bí ó bá fi 6.5 lu ihò náà nítorí òun ló wà nílẹ̀, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí ihò bá ṣe kéré tó ni tírẹ́ẹ̀dì á ṣe lágbára tó. Ihò tí a fi ìṣirò òkè yìí lu ń fún eyín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga tó yẹ kó ní. Bí a bá fi dandan mú un ga tán pátápátá, ohun tó máa kún agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n agbára tí a ó fi yí táàpù á di ìlọ́po mẹ́ta. Táàpù kékeré kò lè gba ìyẹn. M5 fẹ̀ tó ìdajì M10, ṣùgbọ́n agbára tí á ṣẹ́ ẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti M10 lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ táàpù gígùn kan ṣoṣo yí gbogbo ìwọ̀n. Fún M6 wálẹ̀, ẹ lo èyí tó kúrú tó dà bíi T, kí ìka lè mọ̀ ọ́n lára nígbà tí táàpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ẹ di iṣẹ́ mọ́ inú fáìsì, kí ẹ gbé súkúwéà ti táàpù láti ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́yìn tó bá ti yí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá ti wọ́ nígbà yẹn, ó ṣì ṣeé tọ́. Pẹ̀lú táàpù ọwọ́ onímẹ́ta, ìdajì yíyí síwájú, ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́yìn, kí èérún lè gé. Irin ń fẹ́ òróró ìgé irin. Òróró ẹ́ńjìnnì sàn ju gbígbẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kẹrosíìnì dára gan-an fún alumíníọ́mù. Idẹ àti irin dídà kò nílò nǹkan kan.

Alumíníọ́mù ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sídìí táàpù lákọ̀ọ́kọ́. Púlọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kéékèèké, M10×1 ni. Ti ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò, M14×1.25. Irin ni ara púlọ́ọ̀gì, alumíníọ́mù rírọ̀ ni ihò rẹ̀, bí a bá sì ti fi ipá dì í lẹ́ẹ̀mélòó kan, eyín ihò náà á bá a jáde. Bí eyín bá ṣì kù díẹ̀, táàpù tó mú lè tún un ṣe. Bó bá ti jẹ tán, kò sí táàpù tó lè dá ohun tí kò sí mọ́ padà. A ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, a ó sì fi wáyà onírin tí a lọ́ bí sípírìn, tàbí bọ́ṣì irin, sínú rẹ̀ kí ó di eyín tuntun. Tírẹ́ẹ̀dì irin yìí sábà máa ń pẹ́ ju ti alumíníọ́mù àkọ́kọ́ lọ.

Dáì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ra èyí tó rí róbótó tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí sùkúrúù ọwọ́ dáì lè là sí i tàbí kó fún un pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ là á díẹ̀, kí ẹ gé, kí ẹ fi nọ́ọ̀tù dán an wò, kí ẹ tó fún un pọ̀ fún ìparí. Èyí tó ní igun mẹ́fà bíi nọ́ọ̀tù, títún eyín tó ti bàjẹ́ ṣe ló wà fún. Ọ̀pá irin tí a fẹ́ gé gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n rẹ̀, bíi 9.8 fún M10, kí a sì fi fáìlì lọ ẹnu rẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá irin ìkọ́lé tó ní kókó lára kì í ṣe ohun tí a ń gbé sẹ́nu dáì.

Bí owó bá kéré, èyí tí mo máa kọ́kọ́ rà lẹ́yìn kálípà àti géèjì ni táàpù M6, M8 àti M10, kí àlàfo M10 náà jẹ́ èyí tí mọ́tò tàbí ẹ̀rọ inú ilé ń lò, pẹ̀lú bíìtì 5, 6.8, àti 8.5 tàbí 8.8. Ọwọ́ táàpù kékeré kan àti ńlá kan. Táàpù púlọ́ọ̀gì bí ọ̀kadà bá wà nílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú òróró díẹ̀, kí etí wọn má baà máa gbá ara wọn nínú dúrọ́ọ̀. Dáì lè dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá béèrè rẹ̀. Dáì páìpù ní tirẹ̀ wọ́n, ó sì wúwo. Fún ẹni tó ń fọwọ́ kan páìpù onírin lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sàn kó gbé páìpù náà lọ bá púlọ́ńbà àdúgbò kó bá a gé e, kó sì fi owó náà ra táàpù kejì.